Ọfà Tẹ́ẹ́rẹ́ fún Ọrun Tí Kò Le

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó jí mi lónìí, tí ó jẹ́ kí ojú mi ṣì ríran, tí ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbé mi dé mọ́sáláṣí, tí eyín tí ó kù lẹ́nu mi ṣì lè fọ́ egungun adìyẹ. Mo sì dúpẹ́ fún èjìká ọ̀tún mi tí kò lè gbé ẹrù wúwo láti ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí èjìká yẹn kò bá yẹ̀ ni, bóyá ọ̀pọ̀ nínú yín kì bá tí sí láyé láti gbọ́ ìtàn yìí.

Níjọ́ kan, ọ̀kan nínú yín gbé fóònù wá bá mi, ó ní kí n wá wo òyìnbó kan tí ó ń ta ọfà. Ọrun òyìnbó náà ní kẹ̀kẹ́ lókè, ó ní kẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀. Ó to irin ọfà kalẹ̀ lórí tábìlì, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ èyí tí ó yẹ fún ọrun líle àti èyí tí ó yẹ fún ọrun tí kò le. Ọmọ náà bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ mọ nǹkan kan nípa èyí?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ohun tí wọ́n ń fi fóònù kọ́ yín, ẹran ìgbẹ́ àti alágbẹ̀dẹ ni wọ́n fi kọ́ èmi.

Nígbà tí mò ń wí yìí, ó kù díẹ̀ kí a wọ àwọn ọdún 1980. Abúlé wa wà lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ládàánì á pe ìrun. Bí a bá kírun tán, ìró ewìrì ni yóò kọ́kọ́ dé etí wa láti àgbẹ̀dẹ, fìì, fìì, fìì, lẹ́yìn náà ni òòlù yóò gbà á. Odó àwọn obìnrin á máa dá a lóhùn láti ẹ̀yìnkùlé. Bí oṣù Ààwẹ̀ bá dé, àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi orin jí wa fún sààrì kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn, àfi adití. Lónìí, ìró jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Igbó sì wà nígbà náà. Bí òjò bá ti ń rọ̀, tí èso ìyeyè bá ń já bọ́, ẹtu àti ìgalà á jáde wá ṣa á jẹ ní àárọ̀ kùtùkùtù. Ibi tí mo ti ń lúgọ dè wọ́n, wọ́n ti gé e tà ní pulọ́ọ̀tì. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba agbára sí fóònù ni ó wà níbẹ̀ báyìí. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ayé ń yí, Ẹni tí ó ń yí i kò sùn.

Ìbọn ni gbogbo ọdẹ abúlé wa ń lò. Èmi náà ní tèmi. Ṣùgbọ́n mo jábọ́ láti orí ọ̀pẹ níbi tí mo ti ń gé ẹyìn, èjìká mi yẹ̀. Wọ́n tò ó, ó jinná, ṣùgbọ́n kò padà bọ̀ sípò bí ti àtẹ̀yìnwá. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo tún yìnbọn lẹ́yìn rẹ̀, bí ìdí ìbọn ṣe gbá mi báyìí, mo ké bí ìyá tí ó ń rọbí. Mo gbé ọrun bàbá mi sọ̀kalẹ̀ láti àjà, n kò lè fà á dé ìdajì. Ni mo bá gbẹ́ ọrun kékeré fún ara mi láti inú igi tí ó rọ̀. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi sọ ọ́ ní "ọrun ọmọ kéú." Wọ́n ní ó yẹ fún lílé ẹyẹ lóko ìrẹsì.

Àkókò yẹn gan-an ni mo rí Sàlámátù. Òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé abọ́ tánganran wá láti Abẹ́òkúta sí ọjà Ọ̀dẹ̀dá. Mo ra abọ́ kan. Ní ọjà kejì mo tún ra òmíràn. Nígbà tí mo ra ìkẹrin, ó wò mí, ó ní, "Bùọ̀dá, ẹni mélòó ní ń jẹun nílé yín?" Mo ní èmi nìkan ni. Ó ní, "Ẹ sì ní abọ́ mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹlẹ́gbẹ́ abọ́, ẹ kúkú wí." Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ìjẹmọ̀ ní Abẹ́òkúta ni ilé bàbá rẹ̀ wà. Àlàájì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, oníṣòwò ni, ìran rẹ̀ ti pẹ́ nínú ẹ̀sìn, kò sì fi ẹ̀sìn ṣeré. Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Iṣẹ́ wo lo ń ṣe?"

"Oko ni mò ń ro, sà. Mo sì ń ṣọdẹ díẹ̀díẹ̀."

"Ọdẹ!" Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Sàlámátù, ṣé o gbọ́? Òkú ẹran ni wọ́n fẹ́ máa fi bọ́ ọmọ rẹ."

Mo ní, "Àlàájì, Mùsùlùmí ni mí."

"Mùsùlùmí tí ń ṣọdẹ, ṣé n kò mọ̀ yín ni? Ẹ ó yìnbọn, ẹ ó wá ẹran kiri, ẹ ó bá a níbi tí ó ti kú tipẹ́. Ẹ ó wá fi ọ̀bẹ ya òkú lọ́rùn, ẹ ó ní Bísímílà. Ta ni ẹ ń tàn, Ọlọ́run ni tàbí èmi?"

"N kì í yìnbọn mọ́, sà. Ọfà ni mò ń ta."

Ni ẹ̀rín bá bú láti yàrá kejì, níbi tí àwọn obìnrin ti ń dẹtí. Àlàájì pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ọfà! Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń wo tẹlifíṣọ̀n!" Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rẹ́rìn-ín tán, ó wò mí dáadáa. Ó ní àwọn ará Ìtòrí kan ti ń tọrọ Sàlámátù, oníṣòwò bíi tiwọn ni, òun sì ti dá wọn lóhùn pé kí wọ́n wá ní ọjọ́ Jímọ̀ kẹta sí èyí. "Kí ọjọ́ náà tó pé, mú ẹran kan wá síwájú mi tí ìwọ fúnra rẹ pa, tí kò ní iyèméjì kankan nínú. Kì í ṣe pé ebi ẹran ń pa mí. Mo fẹ́ mọ ẹni tí ọmọ mi yóò máa jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ ni."

Mo fi ayọ̀ lọ sílé. Òmùgọ̀ ni mí, n kò mọ̀ pé iṣẹ́ wà níwájú.

Nínú apó bàbá mi, irin ọfà oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀. Mo yan èyí tí ó tóbi jù. Ó fẹ̀ bí ewé kókò, ó ní ìkọ́ méjì lẹ́yìn. Èrò mi ni pé níwọ̀n ìgbà tí ọrun mi kò ní agbára, kí irin kúkú tóbi, kí ó lè bá a kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí àṣìṣe yìí. Ẹni tí kò lágbára ló sáábà máa ń wá nǹkan ńlá gbé dání.

Ní ọjọ́ kẹrin, ẹtu kan jáde sábẹ́ ìyeyè. Mo pe orúkọ Ọlọ́run, mo ta á. Atẹ́gùn gbá irin gbàràmù yẹn mú, ọfà bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ewé tí ó já lórí igi, ó fi ẹ̀gbẹ́ gbá ẹtu lẹ́yìn etí. Ẹtu fò sókè, ó fi orí sọ gbòǹgbò, ó ṣubú. Mo sáré débẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ó ti kú. Mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn. Kò sí ihò kankan, ẹ̀jẹ̀ kán pàápàá kò sí.

Wọ́n ti kọ́ wa nílé kéú pé ẹran tí a ta lọ́fà ní orúkọ Ọlọ́run, bí ọfà bá fi ẹnu gún un, kí á jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ lù ú pa, òkú ni. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ti mọ orúkọ mi. Síbẹ̀ mo gbé ọ̀bẹ sí ọrùn ẹtu yẹn. Ara rẹ̀ ṣì gbóná, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yóò jáde. Ta ni yóò mọ̀ ní Ìjẹmọ̀? Mo rí ojú Sàlámátù. Mo rí àwọn ará Ìtòrí pẹ̀lú agbádá. Ìgbà tí mo fẹ́ sọ pé Bísímílà, mo rántí Ẹni tí mo fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ purọ́. Mo ti ọ̀bẹ bọ àkọ̀, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Mo gbé ẹtu náà lọ sí àgbẹ̀dẹ. Bàbá Àgbẹ̀dẹ, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ni ó ń rọ ọkọ́ àti àdá fún gbogbo wa. Bí ó ti rí mi ni ó sọ òòlù kalẹ̀.

"Ọdẹ ọrun ọmọ kéú! O kú oríire o."

"Bàbá, ẹ má kí mi. N kò lè jẹ ẹ́." Mo ṣàlàyé.

Ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí. "Ẹ̀sìn yín mà le o. Bíbélì tiwa náà sọ̀rọ̀ nípa ẹran tí a lọ́ lọ́rùn pa, ṣùgbọ́n kò sọ ti èyí tí ó fi orí ara rẹ̀ gbá gbòǹgbò. Ṣé o fẹ́ tà á ni?"

"A kì í ta òkú, sà."

"O fẹ́ fi ta mí lọ́rẹ?"

"N kò mọ̀ bóyá ìyẹn náà tọ́."

"Ó dáa. Gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewìrì yẹn, kí o wo ojú ọ̀run fún ìgbà díẹ̀. Wo bóyá òjò ń bọ̀."

Mo wo ojú ọ̀run. Nígbà tí mo fi máa wo ilẹ̀, ẹran ti wọlé.

Ó wá ní kí n mú ọrun mi wá. Ó fi ìka méjì fà á. "Ìyàwó mi lè fi èyí lé adìyẹ." Ó mú ọfà, ó rí irin orí rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí? Agbára tí ọrun rẹ ní kò tó nǹkan. O wá gbé díẹ̀ yẹn lé orí irin tí ó fẹ̀ bí àwo. Ó ń ya sọ́tùn-ún, ó ń ya sósì, kí ló kù tí yóò wọ inú ẹran? Irin bàbá rẹ, ọrun bàbá rẹ ni wọ́n rọ ọ́ fún. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Padà wá lọ́la."

Nígbà tí mo padà, ó ti ta awọ ẹtu náà sẹ́nu agbọ̀n kan, ó fi èérún pákó tútù kún inú agbọ̀n náà. Ó ní kí n dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo kọ́kọ́ ta irin gbàràmù. Ìdajì rẹ̀ wọlé, ó dúró. Ó fún mi ní irin olójú mẹ́ta kan tí ó ti rọ fún ọdẹ kan tí ọrun rẹ̀ le; irin náà wọlé, ṣùgbọ́n igi kò tẹ̀ lé e. Ó wá mú èyí tí ó rọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà láti ara irin sípíríìn lọ́rì. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó gùn bí ewé ọparun, olójú méjì, kò ní ìkọ́ kankan. Mo ta á. Ìdajì igi ọfà wọ inú agbọ̀n!

Mo fò sókè, mo ń dúpẹ́. Bàbá ní, "Fara balẹ̀." Ó lọ mú egungun ìhà màlúù, ó fi sẹ́yìn awọ. Mo tún ta á. Ẹnu irin yẹn ká kò bí èékánná ẹyẹ. Ó yọ ọ́, ó wò ó sí oòrùn, inú rẹ̀ kò bàjẹ́ rárá. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo fẹ́ kí o fi ojú rẹ rí i ni. Tẹ́ẹ́rẹ́ kì í ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́." Ó tún òmíràn rọ, ó jẹ́ kí àárín rẹ̀ nípọn bí ọ̀pá ẹ̀yìn ẹja, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ó tẹ́. Èyí gé egungun náà kọjá. Ó fi igi tí ó wúwo díẹ̀ sí i, ó ní igi fúyẹ́ a máa yára ṣùgbọ́n kì í tẹra mọ́ ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni ó fún mi ní òkúta ìpọ́nbẹ. "Ẹnu mímú ni agbára ọrun tí kò le. Bí kò bá fá irun apá rẹ, má gbé e jáde. Má ta ẹran tí ó kọjú sí ọ, má ta èyí tí ó kọ ẹ̀yìn sí ọ. Dúró dìgbà tí yóò fi ìhà hàn ọ́. Sì súnmọ́ ọn." Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, n kò tíì mọ ìtumọ̀ òwe yẹn àfi ọjọ́ náà.

Jímọ̀ kìn-ín-ní ti lọ, ìkejì lọ. Mo ń lọ lúgọ lárààárọ̀ lẹ́yìn imọ̀ ọ̀pẹ. Ní òwúrọ̀ kan, ẹtu méjì dúró níwájú mi bí ẹni tí wọ́n pè, àfi bí ìjàlọ ṣe wọ ṣòkòtò mi. Mo fara dà á, mo fara dà á, ọ̀kan bù mí jẹ níbi tí n kò lè sọ fún yín. Ariwo tí mo pa, bóyá ẹtu wọ̀nyẹn ṣì ń sáré dòní.

Ó wá ku ọ̀la kí àwọn ará Ìtòrí dé. Ọjọ́ Alàmísì ni. Mo kírun Sùbùhì nínú igbó, mo fi iwájú kan ilẹ̀ tútù, mo ní, "Ọlọ́run, bí kò bá jẹ́ tèmi, fún mi ní ọkàn tí yóò gbà bẹ́ẹ̀." Mo jókòó. Ẹtu ni mò ń retí. Ìgalà ni ó jáde, akọ, pẹ̀lú ìwo rẹ̀ àti àmì funfun lára bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kán an. Ó kọjú sí mi gan-an. Mo dúró. Ó jẹ ìyeyè kan, ó jẹ èkejì. Ọwọ́ mi ti ń ro mí lórí ọṣán, okùn ọrun. Mo dúró. Eṣinṣin kan bà lé e létí, ó yíjú láti lé e, ìhà rẹ̀ sì là sílẹ̀ gbangba. Mo ní, "Bísímílà, Àlàáhù Àkíbárù," mo jọ̀wọ́ ọṣán.

Ó sá lọ. Mo rí ọfà mi tí ó gún ilẹ̀ lẹ́yìn ibi tí ó ti dúró, ọkàn mi sì dà sílẹ̀ bí omi. Mo ti tàsé. Mo rìn lọ síbẹ̀ láti lọ mú un, n kò lè yára. Mo fà á yọ nílẹ̀. Láti irin dé ìyẹ́ ìdí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni! Ó ti wọlé ní ìhà kan, ó ti jáde ní èkejì, ọrun tí wọ́n ní kí n fi máa lé ẹyẹ! Mo tọ ipa ẹ̀jẹ̀ náà, kò tó ìṣísẹ̀ ọgọ́rin. Ó sùn sílẹ̀ lábẹ́ igi kan, ìmí ṣì wà nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ ń ṣẹ́. Mo yí i sí ìlà-oòrùn, mo pe orúkọ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kejì, mo dú u, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ṣàn dáadáa. Orin tí mo kọ nínú igbó lọ́jọ́ náà, àwọn ọ̀bọ nìkan ló gbọ́ ọ, wọn kò sì ṣàtakò.

Kẹ̀kẹ́ ni mo fi tì í dé títì. Ọmọ ọkọ̀ bọ́lẹ́kájà kan bá mi gbé e sókè. "Ìbọn wo lẹ fi yìn ín?" Mo ní ọfà ni. Ó wo ọrun mi, ó kígbe sí awakọ̀ pé, "Ẹ yára o, orí Bùọ̀dá yìí ti dàrú!"

Mo dé Ìjẹmọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Mo gbé ìgalà kalẹ̀ ní àgbàlá. Àlàájì jáde, kò kí mi. Ó kọ́kọ́ wo ọrùn rẹ̀. Ó ní kí n bó o níwájú òun. Nígbà tí mo bó o tán, ó gbé awọ náà dání, ó fi ìka bọ ihò kan, ó tún bọ ìkejì. Ó gba ọrun mi, ó fà á pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

"Ọrun yìí kò le."

"Kò le, sà."

"Kí ló wá gba inú ẹran kọjá?"

Mo na ọfà sí i. Ó fi àtàǹpàkò kan ẹnu irin náà. "Yéè!" Ẹ̀jẹ̀ yọ. Ìyá Sàlámátù fi gèlè bo ẹnu, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n lára. "Àlàájì, ẹ rọra o. Ẹ pe Bísímílà kí ó tó gún yín."

Àlàájì kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fa àtàǹpàkò rẹ̀ mu, ó ń wò mí. "Láti ìgbà tí mo ti rán ọ, ṣé èyí nìkan lo pa?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ ti parí, ẹran wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un. Mo sọ ti ẹtu, mo sọ ti ọ̀bẹ tí mo gbé sí ọrùn òkú, mo sọ pé díẹ̀ ló kù kí n dú u kí n sì gbé e wá fún un. Mo sọ ti alágbẹ̀dẹ àti ojú ọ̀run tí mo wò. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín ní yàrá kejì.

Àlàájì jókòó lórí àpótí. "Ìyá Sàlámátù, rán ẹnì kan sí àwọn ará Ìtòrí kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ó fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé ọmọ wa ti rí ọkọ." Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí mi. "Ẹtu tí o jù sílẹ̀ yẹn ni mo fi fún ọ lọ́mọ. Ìgalà yìí, a kàn máa jẹ ẹ́ ni."

A sì jẹ ẹ́. Àlàájì fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ bọ abọ́. Sàlámátù gbé tèmi wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ máa rọra jẹ ẹ́ o, ọdẹ ọrun ọmọ kéú." N kò mọ ẹni tí ó sọ orúkọ yẹn fún un. Títí di òní, bí mo bá ti ṣe àṣejù nílé, orúkọ tí ó fi ń pè mí nìyẹn.

Ìwọ tí o ka ọ̀rọ̀ yìí dé ibí, kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí agbára kékeré tí ó fi sí ọ lọ́wọ́. Kí ó fi ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ọgbọ́n sí ọ̀nà rẹ, bí ẹ̀sìn yín kò tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Níbi tí ojú ènìyàn kò dé, kí ó di ọwọ́ rẹ mú kúrò nínú ohun tí kì í ṣe tìrẹ. Oúnjẹ ẹ̀tọ́ kò ní tán nínú ìkòkò rẹ, ayọ̀ kò sì ní kúrò láàárín àwọn tí wọ́n bá ọ jẹ ẹ́. Àmín.